Ọ̀bẹ Kì í Mú Kó Gbẹ́ Èkù Ara Rẹ̀

Ìtùnú ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbọ́ nínú òwe tó sọ pé bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Dókítà tó wo gbogbo àdúgbò sàn, ẹlòmíràn ni yóò gún un lábẹ́rẹ́ nígbà tí ara tirẹ̀ kò bá yá. Lọ́yà tó ti gba ẹjọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn rò, yóò wá agbẹjọ́rò lọ́jọ́ tí ọ̀ràn bá kan òun gan-an. Bẹ́ẹ̀ ni a ń pa á, kò sì sí àléébù níbẹ̀. Àmọ́ ó ti pẹ́ tí a ti ń fi ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ bá ènìyàn wí débi pé a kì í fi wo ọ̀bẹ fúnra rẹ̀ mọ́. Ọ̀bẹ ni mo fẹ́ fi wò níhìn-ín, àní ọ̀bẹ àpò, ọ̀bẹ kékeré tí ojú rẹ̀ ń ká wọnú èkù, tí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀, ọdẹ, apẹja àti oníṣẹ́ ọwọ́ ní Amẹ́ríkà kì í fi sílẹ̀ nílé. Àríyànjiyàn kan kò tán láàárín àwọn tó ń rà á: ṣé ilé-ìtajà ńlá bíi Walmart ni kí èèyàn lọ, níbi tí wọ́n ti so ọ̀bẹ rọ̀ nínú ike ní owó pọ́ọ́kú, àbí ṣọ́ọ̀bù kékeré tí ń ta ìṣó, kọ́kọ́rọ́ àti irinṣẹ́ ládùúgbò, níbi tí owó rẹ̀ ti sábà máa ń ga jù bẹ́ẹ̀ lọ? Lójú tèmi, òwe yẹn ti dáhùn. Ọjọ́ tí a ra ọ̀bẹ kọ́ ni iṣẹ́ ara rẹ̀ parí. Ọwọ́ kan ló rọ ọ́, ọwọ́ kan ni yóò máa pọ́n ọn, ọwọ́ kan ni yóò tún un ṣe bó bá bàjẹ́. Owó tó bá lé àwọn ọwọ́ wọ̀nyẹn kúrò lẹ́yìn ọ̀bẹ, ọ̀wọ́n ni, bó ti wù kó kéré tó.

Inú iná ni kí a ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ohun tí ojú kò rí wà. Irin tí wọ́n ń pè ní 1095, tí ilé-iṣẹ́ Schrade fi ṣe ọ̀bẹ Old Timer láyé àtijọ́, ní kábọ́ọ̀nù tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ó máa ń mú gan-an, kò sì le láti pọ́n, ṣùgbọ́n bí a bá fi gé ọsàn tí a kò nù ún, kò ní í pẹ́ tí yóò fi dípẹtà. Irin 420HC tí ilé-iṣẹ́ Buck ń lò kò ní ju bí ìdajì kábọ́ọ̀nù yẹn lọ. Kúrómíọ̀mù inú rẹ̀ ni kì í jẹ́ kó tètè dípẹtà. Ẹni tó bá ń fi orúkọ irin nìkan díwọ̀n ọ̀bẹ yóò ní 420HC kò já mọ́ nǹkan kan. Síbẹ̀ àwọn ọdẹ fọkàn tán ọ̀bẹ Buck, iṣẹ́ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Paul Bos sì wà lára ìdí rẹ̀. Òun ló fi ọ̀pọ̀ ọdún bójú tó bí wọ́n ṣe ń fi iná sun irin náà, bí wọ́n ṣe ń mú un tutù lójijì, àti bí wọ́n ṣe ń tún un yáná díẹ̀ kó má baà le débi tí yóò fi máa ṣẹ́. Bí iṣẹ́ yìí bá pé, líle ojú ọ̀bẹ náà yóò dé nǹkan bí 58 lórí òṣùwọ̀n Rockwell. Kí ẹlòmíràn mú irin kan náà, kó fi iná rẹ̀ ṣeré nítorí àtidín owó kù, ọ̀bẹ tí yóò jáde á rọ̀, ẹnu rẹ̀ á sì tètè kú. Nínú ike, àwọn méjèèjì á máa dán gbinrin. Àwọn alágbẹ̀dẹ wa mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa: àwọ̀ tí irin bá mú nínú iná ni wọ́n fi ń mọ àkókò tó yẹ kí wọ́n rì í bọ omi. Ẹni tó wá ra ọkọ́ lọ́wọ́ wọn kò rí àwọ̀ yẹn, alágbẹ̀dẹ ló gbà gbọ́, nítorí ó mọ ilé rẹ̀, ó sì mọ̀ pé bí ọkọ́ náà bá tẹ̀ lóko, òun yóò gbé e padà wá bá a lẹ́nu iṣẹ́. Kò sí bí a ṣe lè ra irin mímú láìgba ẹnìkan gbọ́. Níwájú àtẹ ilé-ìtajà ńlá, kò sí ẹnìkan níbẹ̀. Owó tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ike ni ohun kan ṣoṣo tí a lè kà, tí a sì lè fi wé ti èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nítorí náà òun la fi ń yàn.

Bí àwọn ilé-ìtajà ńlá ṣe fẹ́ kó rí náà nìyẹn. Ní 1962, Sam Walton ṣí Walmart àkọ́kọ́ ní ìlú Rogers ní ìpínlẹ̀ Arkansas. Ọdún yẹn náà ni Kmart àti Target bẹ̀rẹ̀. Ọgbọ́n òwò wọn kò ṣòro lóye: kí a rà lọ́pọ̀ yanturu, kí a jẹ èrè díẹ̀ lórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kí a sì máa rọ ẹni tó ń kó ọjà wá pé kó tún dín owó kù, kó tún dín in kù sí i. Lónìí Walmart nìkan ń ta ọjà tó ju bílíọ̀nù 600 dọ́là lọ lọ́dún, ilé-ìtajà rẹ̀ ní Amẹ́ríkà sì ju 4,000 lọ. Àwọn àgbà ní bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èkù idà, a kì í bèèrè ikú tó pa baba ẹni. Nínú òwò yìí, ọwọ́ ilé-ìtajà ló tẹ èkù. Ojú idà ni ẹni tó ń ṣe ọjà dì mú. Nígbà tí Levi Strauss, tí ayé mọ̀ mọ ṣòkòtò jíìnsì, wọ Walmart ní 2003, ẹ̀yà tuntun tí owó rẹ̀ kéré, tí wọ́n pè ní Signature, ni wọ́n dá sílẹ̀ fún un. Bí ilé-iṣẹ́ tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ bá gbọ́dọ̀ ṣe ẹ̀yà ọ̀tọ̀ kó tó lè wọ ẹnu ọ̀nà yẹn, ilé-iṣẹ́ ọ̀bẹ ńkọ́? Ó lè fi ike rọ́pò egungun àti igi lára èkù. Ó lè lo irin tó rẹlẹ̀. Ó lè gé àkókò tí irin ń lò nínú iná kù, nítorí ibẹ̀ ni oníbàárà kò ti ní í mọ̀. Tàbí kó kó gbogbo iṣẹ́ lọ sí ilẹ̀ tí owó ọ̀yà ti kéré.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Schrade yẹ ní gbígbé yẹ̀wò. Ọdún 1904 ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní Walden ní ìpínlẹ̀ New York. Ní 2004, ó ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa ní Ellenville, ní ìpínlẹ̀ kan náà. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà lórí tú ká. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n tà, ẹni tó rà á sì gbé iṣẹ́ lọ sí Ṣáínà, Old Timer bá padà sórí àtẹ pẹ̀lú èkù àwọ̀ ilẹ̀ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n mọ́. Camillus, tó ti ṣe ọ̀bẹ fún àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, tẹ̀lé e ní 2007. Orúkọ tirẹ̀ náà bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ó yẹ kí n ṣọ́ra níbí. N kò sọ pé Walmart ló pa wọ́n. Ọ̀bẹ olówó kékeré ń ya wọlé láti òkè òkun, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ oko ń dín kù, lẹ́yìn ìkọlù oṣù kẹsàn-án 2001 sì rèé, wọ́n fòfin de ọ̀bẹ nínú ọkọ̀ òfúrufú, ọ̀pọ̀ ènìyàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi tiwọn sílẹ̀ nílé. N kò sì gbà pẹ̀lú àwọn tó ń sọ pé ohun tó bá ti Ṣáínà wá, pàǹtírí ni. Ilé-iṣẹ́ wà níbẹ̀ tí ọ̀bẹ wọn lè dúró níwájú ti ẹnikẹ́ni. Ohun tí mò ń sọ mọ níwọ̀n: orúkọ dúró, ọwọ́ tó wà lẹ́yìn orúkọ yí padà, ẹni tó dúró níwájú ike kò sì lè mọ ọjọ́ tí ó yí. Ṣùgbọ́n oníṣọ́ọ̀bù tó ti ta ti àtijọ́, tó sì ń ta ti ìsinsìnyí, ẹni tí àwọn oníbàárà ń gbé ọ̀bẹ padà wá bá, mọ̀ ọ́n. Ìmọ̀ yẹn wà lára ohun tí dọ́là díẹ̀ tó fi lé owó ọjà rẹ̀ ń rà.

Ẹni tó bá fẹ́ gbèjà ilé-ìtajà ńlá ní ẹ̀rí tó lágbára lọ́wọ́. Emek Basker, onímọ̀ nípa ọrọ̀-ajé, tẹ ìwádìí kan jáde ní 2005 tó fi hàn pé bí Walmart bá wọ ìlú kan, owó àwọn ọjà bí ọṣẹ ìfọyín, ọṣẹ ìfọṣọ àti oògùn aspirin máa ń wálẹ̀ níbẹ̀, láti ìdá 1.5 sí 3 nínú ọgọ́rùn-ún lákọ̀ọ́kọ́, ó sì ń wálẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ bí ọdún ti ń gorí ọdún. Ìrànwọ́ gidi nìyẹn fún ìdílé tó ń ṣọ́ owó ná, n kò sì ní í bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ọṣẹ ìfọyín. Ṣùgbọ́n ta ló ń pọ́n ọṣẹ ìfọyín? Bó bá tán, a ju ike rẹ̀ nù, a lọ ra òmíràn. Kò sẹ́ni tó ń gbé e padà lọ fún àtúnṣe. Ọjà irú èyí ni ọgbọ́n Sam Walton bá mu. Ìṣòro bẹ̀rẹ̀ nígbà tí a bá fi òṣùwọ̀n ọṣẹ ìfọyín wọn ohun tó yẹ kó bá ènìyàn gbé ní ogún ọdún. Apá kejì tún wà nínú ìwé ìṣirò yìí: Panle Jia, nínú ìwádìí tó jáde ní 2008, ṣírò pé bíbísí Walmart ló fa nǹkan bí ìdá 40 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún iye tí àwọn ilé-ìtajà kéékèèké tó ń tajà ẹ̀dínwó fi dín kù láàárín 1988 sí 1997. Bí owó ọṣẹ ti ń wálẹ̀, ilẹ̀kùn àwọn kan ń tì. Lára àwọn tó ń fara gbá irú ìdíje bẹ́ẹ̀ ni àwọn oníṣọ́ọ̀bù irinṣẹ́, tí òkúta ìpọ́nbẹ ti wà lẹ́yìn káńtà wọn láti ọjọ́ pípẹ́.

Òkúta yẹn gan-an ni kókó. Kò sí ọ̀bẹ tí kì í kú lẹ́nu. Èyí tó wọ́n jù lọ láyé, bí a bá fi gé páálí fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fa nǹkan ya dípò kó gé e. Nígbà náà ni òwe wa ń di òótọ́ lójú ẹni: mímú tó mú lánàá kò lè ràn án lọ́wọ́ lónìí. Ẹni tó rà á ní ilé-ìtajà ńlá, tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń dẹ ojú ọ̀bẹ sórí òkúta, yóò sọ ọ́ sínú àpótí, yóò sì lọ ra òmíràn, ní ibi kan náà, ní owó kékeré kan náà. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ọ̀bẹ márùn-ún tó ti kú wà nílé, kò sí ẹyọ kan tó ń gé nǹkan, owó tó sì bá wọn lọ ti ju ti ojúlówó kan lọ. Wọ́n lè ní ilé-iṣẹ́ ọ̀bẹ náà máa ń ṣe ìlérí àtúnṣe. Bẹ́ẹ̀ ni, ìlérí Buck kò ní gbèdéke, ibi yòówù kí a ti ra ọ̀bẹ. Ṣùgbọ́n ìlérí yẹn wà fún ọ̀bẹ tó ní àbùkù, ilé ìfìwéránṣẹ́ ni a ó sì gbà lọ. Ọ̀bẹ tó kàn kú lẹ́nu ní ọ̀sán ọjọ́ iṣẹ́, òkúta ló ń fẹ́, kò fẹ́ lẹ́tà. Àwọn tó ń ṣe irinṣẹ́ fúnra wọn mọ ìyàtọ̀ yìí. Ní 2002, Jim Wier, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ tó ni Snapper, tí ń ṣe ẹ̀rọ ìgékoríko, lọ sí Bentonville, oríléeṣẹ́ Walmart, ó sì sọ fún wọn pé òun kò ta ẹ̀rọ fún wọn mọ́. Ẹ̀rọ tirẹ̀ wọ́n, a sì ṣe é kó pẹ́ lọ́wọ́ ènìyàn. Ó nílò ọlọ́jà tó lè ṣàlàyé rẹ̀, tó lè pọ́n abẹ rẹ̀, tó sì lè tún un ṣe. Bí wọ́n bá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí wọ́n ṣe fún jíjù nù, owó nìkan ni ojú yóò rí, àwọn ọlọ́jà kéékèèké tó ń tọ́jú rẹ̀ yóò sì pàdánù. Ọkùnrin náà kọ ọjà púpọ̀ sílẹ̀ nítorí ọwọ́ tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ. N kò mọ ọ̀gá ilé-iṣẹ́ púpọ̀ tí yóò dán irú rẹ̀ wò.

Ohun mìíràn tí ike kì í sọ ni òfin. Ní New York, òfin kan láti àwọn ọdún 1950 ka ọ̀bẹ tí a bá lè fi fífì ọwọ́ ṣí sí ohun ìjà. Bí ọdún ti ń lọ, ọ̀bẹ iṣẹ́ lásán tí wọ́n ń tà ní gbangba bọ́ sábẹ́ òfin yìí, wọ́n sì mú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn nítorí ohun tó wà nínú àpò wọn. Àwọn dúdú àti àwọn Látínò ló pọ̀ jù nínú wọn. Ní 2010, Cyrus Vance, agbẹjọ́rò ìjọba ní Manhattan, bá àwọn ilé-ìtajà kan ṣe àdéhùn, Home Depot wà lára wọn, pé kí wọ́n yéé ta irú ọ̀bẹ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n sì kó èrè tí wọ́n ti jẹ lórí rẹ̀ sílẹ̀, owó tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 2 dọ́là. Ọdún 2019 ni wọ́n tó pa òfin náà rẹ́. Ilé-ìtajà san owó, oníbàárà lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Òtítọ́ ni pé orúkọ ṣọ́ọ̀bù tí kò tóbi tó Home Depot wà nínú àdéhùn náà, nítorí náà kíkéré kò gba ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ àìmọ̀kan. Síbẹ̀, ẹni tó dúró lẹ́yìn káńtà ṣọ́ọ̀bù ọ̀bẹ, a lè bi í léèrè. Àwọn èèyàn wa tó wà ní London ní ìdí púpọ̀ láti bèèrè: níbẹ̀, ọ̀bẹ tó ń ká, tí kò ní títì, tí ẹnu rẹ̀ kò sì ju ínṣì 3 lọ nìkan ni òfin gbà kí èèyàn gbé kiri láìní ìdí pàtàkì. Ọ̀bẹ tó ju ìyẹn lọ, tàbí èyí tó ní títì, lè sọ ọmọ ẹni di ọ̀daràn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé owó tí wọ́n fi rà á ti wálẹ̀ ní ìdajì.

Àtakò tó wúwo jù lọ ni ti aláìní. Ẹni tí dọ́là 10 ni gbogbo ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣé kí ó lọ fi 60 ra ọ̀bẹ nítorí kí oníṣọ́ọ̀bù má baà kó ẹrù rẹ̀? Rárá o. Ìwàásù tí ọlọ́rọ̀ ń ṣe fún tálákà nípa ibi tó yẹ kó ti rajà máa ń bí mi nínú. Ṣùgbọ́n àtakò yìí gbà pé ọ̀bẹ olówó kékeré àti ọ̀bẹ tí kò dára, ohun kan náà ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀bẹ Opinel, tí ọ̀gbẹ́ni Joseph Opinel bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní agbègbè Savoie ní ilẹ̀ Faransé ní 1890, jẹ́ igi, irin àti òrùka tí wọ́n fi ń tì í, owó rẹ̀ kò pọ̀, ọmọdé sì lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń pọ́n ọn. Mora ti ilẹ̀ Sweden, tí kì í ká ṣùgbọ́n tí iṣẹ́ rẹ̀ jọ ọ́, wà ní irú owó kan náà. Owó èyí tó kéré jù lọ nínú ọ̀bẹ Victorinox ti ilẹ̀ Switzerland náà kì í bani lẹ́rù. Kò sí ìkankan nínú wọn tí orúkọ rẹ̀ wà ní Ìlú A tí ọwọ́ tó ń ṣe é wà ní Ìlú B. Bí ilé-ìtajà ńlá àti ṣọ́ọ̀bù kékeré bá ń ta Victorinox kan náà, tí ti ilé-ìtajà ńlá fi dọ́là mẹ́ta rọjú, tí oníṣọ́ọ̀bù náà kò sì pọ́n ọ̀bẹ, tí kò mọ òfin, tí kò lè sọ ìyàtọ̀ láàárín irin méjì, n kò rí ìdí tí aláìní fi gbọ́dọ̀ fún un ní dọ́là mẹ́ta. Wíwà lẹ́bàá ilé wa nìkan kì í ṣe iṣẹ́. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù kan wà tí wọ́n ń kó ọ̀bẹ tí kò ní orúkọ láti ọ̀dọ̀ alágbàtà kan náà, tí wọ́n ń fi ìlọ́po méjì owó lé e, tí wọ́n sì ń ké pé ìlú ń pa àwọn. Òwe náà bá àwọn náà wí bó ti bá Walmart wí.

Ẹni tó dá Victorinox sílẹ̀ mọ̀ lára pé jíjẹ́ ará ilé nìkan kò tó. Karl Elsener ṣí ṣọ́ọ̀bù iṣẹ́ ọ̀bẹ ní abúlé Ibach ní Switzerland ní 1884. Nígbà tó gbọ́ pé Jámánì, ní ìlú Solingen, ni wọ́n ti ń ṣe ọ̀bẹ fún àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ òun, ó kó nǹkan bí 25 lára àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jọ kí wọ́n lè pín iṣẹ́ náà ṣe, ní 1891 wọ́n sì gbé ọ̀bẹ àkọ́kọ́ fún ìjọba. Ilé-iṣẹ́ ńlá Solingen ṣe é ní owó tó kéré sí tiwọn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fà sẹ́yìn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbèsè sì gun Elsener lórí títí ó fi ku díẹ̀ kó wọ ilé-ẹjọ́ gbèsè. Àwọn ẹbí rẹ̀ ló gbà á sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kò lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà kó máa sọ fún aráyé pé kí wọ́n rà á nítorí ó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ wọn. Ó tún ọ̀bẹ náà rò: ó wá ọ̀nà tí sípíríǹgì kan yóò fi máa gbé irinṣẹ́ púpọ̀ ró, ọ̀bẹ bá fúyẹ́, iṣẹ́ rẹ̀ bá pọ̀ sí i, ó sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ òfin ní 1897. Ọwọ́ ẹbí ló mú un dúró títí ó fi rí ohun tí Solingen kò tíì ṣe. Bí ọ̀rọ̀ bá dé ibi yìí, àwọn tó ń gbèjà ọjà olówó kékeré máa ń sọ pé ìdíje ló mú un gbọ́n. Mo gbà, ṣùgbọ́n ká ní ẹbí kò yọjú, ìdíje kan náà ni ì bá sin ín.

Nítorí náà, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ń dábàá níwájú ẹni tó ń tà, yálà ilé rẹ̀ tóbi tàbí ó kéré: “Bí ẹnu rẹ̀ bá kú, ta ni mo máa gbé e wá bá?” Bí ó bá nawọ́ sí òkúta tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ fún un ní owó tó béèrè, ẹ má ṣe nájà jù. Bó bá wo ojú yín láì fèsì, ẹ rà á níbi tó bá ti rọjú jù lọ. Ìlú pọ̀ lónìí tí kò sí ẹni bẹ́ẹ̀ mọ́ nínú wọn, tí ṣọ́ọ̀bù irinṣẹ́ ti di ilé oúnjẹ tàbí ti di ahoro. Ẹni tó ń gbé irú ibẹ̀ kò ní ohun tó ń yàn mọ́. Kó ra Opinel níbikíbi tó bá ti rí i, kó sì fi owó tó ṣẹ́kù ra òkúta ìpọ́nbẹ olójú méjì, èyí tí ojú kan kò kúnná, tí èkejì sì kúnná. Ìrọ̀lẹ́ méjì tó fún ẹni tí kò bá kánjú láti kọ́ ọ, ó sì lè kọ́ aládùúgbò rẹ̀ lọ́jọ́ kẹta.